Ohùn Àwọn Àgbà Nínú Ilé Ìkàwé

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ọ̀jọ́)

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo ní ọkàn wa, nítorí pé ẹ̀bi tiwa fúnra wa ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ kí bàbá arúgbó kan ní ọ̀kan nínú àwọn ìletò etí ọ̀sà tí ó wà ní agbègbè yìí. Apẹja ni bàbá náà ní ìgbà èwe rẹ̀. Ó sọ fún wa bí a ti ń mọ ìgbà tí omi yóò yí padà. Ó dárúkọ oríṣiríṣi ẹja àti àwọ̀n. Ó sì ki oríkì ìdílé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo rẹ̀ ní ojúlówó èdè Àwórì, bí a ti ń sọ ọ́ kí Èkó tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. A fi fóònù wa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ju wákàtí kan lọ. Inú bàbá dùn, inú àwa náà sì dùn. A wí fún un pé a ó padà wá láti kọ ọ́ sínú ìwé. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, fóònù náà bọ́ sínú omi, a kò sì ní ẹ̀dà kankan ní ibòmíràn. Nígbà tí a ó fi padà lọ, bàbá ti wọ káà ilẹ̀. Àwa olùkọ́, tí a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ti ń tọ́jú ìwé, ni a sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa léèrè pé: ta ni ó yẹ kí ó máa pa irú ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́, ọ̀nà wo ni ó sì yẹ kí ó gbà? Ìdáhùn tí a rí ni a mú tọ̀ yín wá lónìí. Ilé ìkàwé ni ó yẹ kí ó ṣe é, kí ó sì gba ọ̀nà ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní pọ́díkáàsì.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú wa máa bèèrè ohun tí pọ́díkáàsì jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ ni, tí a sì fi sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ní apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè mú un sínú fóònù rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ nígbà tí ó bá wù ú. Ẹni tí ó bá ti fi ara rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, apá tuntun yóò máa wá bá a ní ilé, gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹgbẹ́ wa yìí ti ń wá bá wa ní oṣooṣù. Ben Hammersley, akọ̀ròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó kọ orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn Guardian ní oṣù Kejì ọdún 2004. Ó mú un láti ara iPod, ẹ̀rọ orin kékeré tí ilé iṣẹ́ Apple gbé jáde ní ọdún 2001, ó sì so ó mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ní ọdún 2022 Apple fi òpin sí iPod, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó bí kò bá a lọ.

Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró gba èsì. Láti ọdún 1935, tí ìjọba amúnisìn fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó, ni a ti mọ ìwà rẹ̀: bí ènìyàn kò bá sí ní ilé nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá lọ nìyẹn. Pọ́díkáàsì náà kì í gba èsì, ṣùgbọ́n a máa dúró de ni. A lè dá a dúró kí a fi kí àlejò. A lè dá a padà kí a tún gbọ́ ibi tí kò yé wa. A lè gbọ́ ọ lónìí, kí ọmọ wa sì tún gbọ́ ọ ní ogún ọdún òní. Ìwà ìwé ni èyí. Nítorí náà ni a fi wí pé ìwé tí a ń fi etí kà ni pọ́díkáàsì, ibi tí ìwé sì yẹ kí ó wà ni ilé ìkàwé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ohun àjèjì ni kí a fi ẹ̀rọ pa ohùn Yorùbá mọ́. Ní ọdún 1922, nígbà tí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà ní London, ó kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo giramafóònù fún ilé iṣẹ́ Zonophone, àwọn orin náà sì ju ogójì lọ. Bàbá náà kú ní ọdún 1930. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti kọ wọ́n, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí pé àwọn àwo náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń pa nǹkan mọ́, British Library, ilé ìkàwé ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì wà lára wọn. Ẹ kíyèsí i pé ohun méjì ni ó pàdé níbẹ̀: ẹ̀rọ gba ohùn, ilé ìkàwé sì pa á mọ́. Bí ọ̀kan bá wà tí èkejì kò sí, òfo ni. Àní BBC, tí gbogbo ayé mọ̀, pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò rẹ̀ rẹ́ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, nígbà tí ó fẹ́ tún téèpù wọn lò. Iṣẹ́ ti rédíò ni kí ó sọ ọ́. Iṣẹ́ ti ilé ìkàwé ni kí ó má ṣe jẹ́ kí ó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka àǹfààní rẹ̀ ní mẹ́ta.

Èkíní ni pé yóò mú ohun tí ìwé títẹ̀ fi sílẹ̀ ní ìta wọ inú ilé. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, títí di ìgbà tí ìtumọ̀ Bíbélì parí ní ọdún 1884, èdè Ọ̀yọ́ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀, tí ti Ẹ̀gbá sì dàpọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, àwa tí a ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀jọ́ tàbí ti Ìbà lè ka ìwé Yorùbá láti kékeré títí yóò fi di olùkọ́, kí ó má sì rí bí ìyá rẹ̀ àgbà ti ń sọ̀rọ̀ ní ojú ewé kan ṣoṣo. Èdè Àwórì kò ní ìwé púpọ̀. Ẹnu àwọn àgbà ni ilé ìkàwé rẹ̀. Bí a bá ń dúró títí a ó fi rí ẹni tí yóò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ilé ìkàwé náà yóò ti wó.

Orúkọ wa pàápàá jẹ́rìí sí i. Ìtàn wí pé Ògúnfúnminíre tẹ̀lé àwo kan tí ó ń léfòó lórí omi, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrí ní etí odò Ògùn. Bí a bá sì bèèrè àwo, èsì tí wọ́n ń fọ̀ ni pé àwo ti rì. Níbẹ̀ ni a ti ní Àwórì. Ẹ wá mú ìwé ìròyìn kan tí kò fi àmì sí orí ọ̀rọ̀: àwo tí a fi ń jẹun, àti awo tí a kì í fi han ọ̀gbẹ̀rì, bákan náà ni ó kọ wọ́n. Àjèjì tí ó kà á yóò ṣìnà. Ẹnu àgbà kò lè pe méjèèjì ní ohùn kan náà láéláé. Èdè olóhùn ni èdè wa. Ẹ̀rọ tí ó gba ohùn sílẹ̀ gba èdè náà ní odindi.

Èkejì ni pé ilé ìkàwé yóò lè tọ àwọn tí kò lè tọ̀ ọ́ wá lọ. Ìyá tí ó ń tajà ní Àlàbá láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò ní àyè láti wá jókòó ti ìwé. Awakọ̀ dánfó kò lè kàwé ní ìdí ọkọ̀. Àgbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, àti afọ́jú tí kò rí ìwé rárá, ẹ̀tọ́ wọn nínú ìmọ̀ kò dín sí ti àwa tí a ríran. Ìjọba Nàìjíríà fara mọ́ èyí, nítorí pé ní ọdún 2017 ó fi ìdí àdéhùn Marrakesh múlẹ̀, èyí tí a ṣe ní ọdún 2013 láti mú kí ìwé rọrùn fún àwọn afọ́jú láti lò. Bákan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ti Mile 2 wá sí fásitì: wákàtí tí ojú ọ̀nà Àgbádárìgì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lè di wákàtí ẹ̀kọ́. Ní Navy Town ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ológun orí omi láti ìhà gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ń gbé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dàgbà ní orí ilẹ̀ Àwórì láì mọ ìtàn ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀. Àlejò tí a bá sọ ìtàn ilé fún kì í pẹ́ di ọmọ ilé.

Àwọn kan yóò wí pé dátà wọ́n. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ti ìṣẹ́jú 30, tí a bá fún un pọ̀ ní ìwọ̀n 64 kbps, kò ju nǹkan bí 14 MB lọ. Káàdì fóònù kékeré kan ti 16 GB lè gba ju 1,000 irú rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ní dátà lè wá gbà á ní ilé ìkàwé ní ọ̀fẹ́, láti inú kọ̀ǹpútà sí fóònù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yá ìwé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé a kì í dá a padà, ẹni tí ó tẹ̀lé e kì í sì í dúró.

Ẹ̀kẹta ni pé yóò fa ènìyàn padà sí ìdí ìwé. A gbọ́ tí àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí etí bá yó, ojú kò ní kàwé mọ́. Nínú iṣẹ́ olùkọ́ tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, òdìkejì èyí ni a rí: ọmọ tí a ka ìtàn sí létí ni ó ń wá ìwé ìtàn kiri. Kí olùtọ́jú ilé ìkàwé jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó bá olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan, kí ó sì fi èyí parí rẹ̀ pé: ìwé tí a ń sọ yìí wà ní ibi báyìí ní orí pẹpẹ wa, ẹ wá yá a. Kí a ṣọ́ra níti òfin nìkan. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa dá iṣẹ́ sí fún òǹkọ̀wé títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. D. O. Fágúnwà kú ní ọdún 1963. Nítorí náà títí di ìparí ọdún 2033, a kò gbọdọ̀ ka odindi ìwé rẹ̀ sórí ẹ̀rọ láì gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí a má ṣe jókòó jíròrò nípa ìwé rẹ̀, kí a yìn ín, kí a sì tọ́ka sí i fún àwọn ọmọ wa.

Ní báyìí, ẹ̀yin ìjòyè, a mọ̀ pé ìbéèrè kan wà ní ikùn yín tí ìwà àgbà kò jẹ́ kí ẹ sọ jáde. Bí ìdílé kan bá lọ sọ ìtàn tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ, tí ó sì fi ilẹ̀ tàbí oyè ẹlòmíràn kún un, ńkọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ń gba ìtàn ìdílé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ilẹ̀, ẹyin sì ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ilé ìkàwé má ṣe jẹ́ adájọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a sọ orúkọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, agbo ilé rẹ̀, ibi tí a ti gbà á àti ọjọ́ tí a gbà á, kí ó yé gbogbo ènìyàn pé ohun tí ẹni yìí gbọ́ ní ẹnu bàbá tirẹ̀ nìyí. Bí ìdílé kejì bá ní ìtàn mìíràn, kí a gba tiwọn náà sílẹ̀, kí a sì gbé wọn ka ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ohun tí ẹni tí ó sọ ọ́ bá ní kí a má tíì gbé jáde, kí a tì í mọ́lé títí di ọdún tí ó bá dá. Níti ohun tí í ṣe awo, kí ó máa jẹ́ ti awo. A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ yọ ohun tí ọlọ́hun kò fi fún wa. Àwa rò pé ìtàn tí a gbà sílẹ̀ báyìí sàn ju èyí tí ó ń yí padà ní ọdọọdún láàárín àwọn tí kò bá àgbà gbé.

Ẹ ó bèèrè ohun tí yóò ná wa. Kì í ṣe ohun púpọ̀. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Fóònù tí ó dára tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí a wá iyàrá tí ó dákẹ́, kí a pa ẹ̀rọ amúnáwá àti fáànù, kí a fi ẹní tàbí aṣọ ta ògiri kí ohùn má bàa máa ró padà, kí a sì gbé ẹ̀rọ náà sí orí aṣọ kíká ní iwájú ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, ní ìwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ lè kàn án. Kí a jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ tán. Olùbéèrè tí ń já ọ̀rọ̀ gbà ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn èyí, kí a ṣe ohun tí àwa kò ṣe ní ọjọ́ burúkú tí a sọ fún yín. Kí a pa ohùn náà mọ́ bí a ti gbà á gan-an, láì fún un pọ̀; ìṣẹ́jú 30 yóò gba nǹkan bí 159 MB ní irú èyí tí a ń pè ní WAV. Èyí tí a fún pọ̀ ni kí a pín fún ayé. Kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n má ṣe wà nínú irú ẹ̀rọ kan náà, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn, kí iná tàbí omi má bàa kó gbogbo wọn ní ọjọ́ kan. Kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ ilé ìkàwé bí a ti ń kọ ìwé: orúkọ, ọjọ́, iye ìṣẹ́jú, àti kókó ọ̀rọ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ṣókí kí adití náà lè rí ìpín tirẹ̀. Ohùn tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìwé tí a sọ sínú òkìtì.

Ohun èlò kò wọ́n wa ní agbègbè yìí. Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín. Ó ní ilé ìkàwé tí a fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fatiu Ademola Akesode pè, ó sì ní rédíò tirẹ̀ ní orí 95.7 FM. Ẹnu àti àpótí wà nínú àgbàlá kan náà. Ọjà Àlàbá, tí àwọn oníṣòwò ti ń ra rédíò àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ sí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Ó jẹ́ ohun ìtìjú pé àwa tí a ń ta ẹ̀rọ ohùn fún aráyé kò ní ohùn àwọn bàbá wa nínú ọ̀kankan nínú wọn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń tọrọ. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan yan àgbà kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí ó sì kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí ó dàgbà jù lọ. Kí ẹgbẹ́ wa yọ owó díẹ̀ fún ẹ̀rọ méjì àti ibi tí a ó pa ẹ̀dà mọ́ sí. Níti àwa olùkọ́, a ṣe ìlérí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yóò máa gba ohùn kan sílẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wọn, àwa fúnra wa yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò pé ẹ̀dà rẹ̀ pé mẹ́ta kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Àwo ti Ògúnfúnminíre rì, a sì tẹ ìlú dó sí ibi tí ó rì sí. Ṣùgbọ́n àwo ohùn, bí ó bá rì, kò sí ìlú tí a lè tẹ̀ dó sí orí rẹ̀. Ọ̀kan ti rì ní ọwọ́ wa. Orúkọ bàbá náà kò kúrò ní ẹnu wa nígbà tí a bá ń gbàdúrà. Ẹ ràn wá lọ́wọ́ kí èkejì má ṣe rì. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn àgbà wa pẹ́ fún wa.